Sàrúmì, Má Wá Ṣe Iléyá ní Parakou

Ladjifarani, Parakou
Oṣù kẹfà, 1987

Sàrúmì àbúrò mi,

Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ n'Íbàdàn níbẹ̀. Bàbá wa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná, a ti tún un kàn.

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. O ní Ràlíátù ọmọ mi ló ń pín bọ́ọ̀lù láàárín pápá fún ẹgbẹ́ obìnrin ibẹ̀, wọ́n sì ń sanwó oṣù fún un. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Láìgbàṣẹ ló fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìjọba sílẹ̀ níbí. Nígbà tí délégé, aṣojú ìjọba ládùúgbò wa, wá bi mí níbi tó wà, ìbẹ̀rù mú mi, mo ní ìwọ lo kú, pé ó lọ síbi òkú rẹ n'Íbàdàn.

Kí n tó mọ̀, àwọn àlùfáà ti dé láti ṣe fídáù fún ẹ. Délégé náà wá. Bàbá wa jókòó láàárín wọn, wọ́n ń ṣe àmín sí àdúrà òkú ọmọ wọn tó wà láàyè.

O wá ní ò ń bọ̀ wá ṣe Iléyá! Jọ̀ọ́, má wá. Tí délégé bá rí ẹ, wọ́n á kó gbogbo wa.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn kẹ́ ẹ. Fi èsì rán awakọ̀ iṣu tó mú ìwé yìí wá. Kí a tó ṣe fídáù lo ti kọ lẹ́tà tó dé lánàá. Kọ òmíràn, kódà kó jẹ́ ìlà kan, pé o ṣì wà. Ẹ̀rù ń bà mí pé Ọlọ́run ti gbọ́ àmín wa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àràmọ́tù