Màdáámù Tó Ń Tanná Lọ́yẹ́

Àìkú, 8 Dìsẹ́ńbà 2024
Ọyẹ́ dé. Ètè mi ti là. Jásímìnì ẹ̀yìnkùlé ti rúdí, láti ìdí dé orí. Ìgbà tí gbogbo ewéko tó kù ń wọ́wé ni tirẹ̀ ń múra. Mùtàlíbù, ọkọ mi, ló gé ẹ̀ka rẹ̀ bọ̀ láti Abiján. Ó fi àkísà tútù wé e, ó gbé e lé ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí wọ Ẹ̀jìgbò. Òun ló sọ ọ́ ní Màdáámù. Ó ní ẹni tó bá ń fín lọ́fínńdà nínú eruku ọyẹ́, màdáámù ni. Ó gbìn ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mi ò fojú rí sàréè rẹ̀. Igi yìí ni mo rí.

Ìṣẹ́gun, 10 Dìsẹ́ńbà
Omi kànga ń fà. Omi tí mo fi ṣan abọ́ ni mo ń dà sí ìdí Màdáámù. Najeem, ọmọ mi, pè láti Abiján: "Màámi, omi tí ẹ ò rí mu lẹ ń fún igi?" Kò lè yé e.

Jímọ̀, 13 Dìsẹ́ńbà
Ó tanná! Bí mo ṣe kírun Màgàríbì tán ni òórùn gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Hadassah ti dé kí n tó ká ẹní ìrun — ọmọ Ọmọpẹ́ tó múlé tì mí. Oyin ni mo ń pè é, torí ibi tí òdòdó bá wà lo ti máa bá a. Ó ṣa èyí tó já bọ́ sílẹ̀, ó ní abẹ́ ìrọ̀rí òun ni òun ń kó o lọ. Ó bi mí bóyá bàbá Najeem ń gbọ́ òórùn náà níbi tí wọ́n wà. Mo ní wọ́n ń gbọ́ ọ.
Ìyá àgbà kan ń kọjá lọ, wọ́n nahùn: "Wàlíyátù, ṣọ́ra o. Òórùn báyìí a máa pe ejò." Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 18 Dìsẹ́ńbà
Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́.
Ejò ṣán Oyin lánàá, nírọ̀lẹ́. Mo gbọ́ igbe Ọmọpẹ́, mo sáré jáde. Ọmọ náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilé ìdáná wọn, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Igi ìdáná fọ́n káàkiri. Olúwatósìn, bàbá rẹ̀, gbé e sórí ọ̀kadà. Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọn ò ní abẹ́rẹ́ oró ejò, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sí Òṣogbo.
Wọn ò dé Òṣogbo.

Ọjọ́bọ̀, 19 Dìsẹ́ńbà
Wọ́n ti sin ín. Ọmọpẹ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun.

Àbámẹ́ta, 21 Dìsẹ́ńbà
Ọ̀rọ̀ ń jà ràn-ìn. Wọ́n ní abẹ́ jásímìnì mi ni ejò ti ṣán an. Mo ní ta ló wí bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni.
Oyin ò wá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà láti ìgbà tí mo ti kírun Aláásárì. Mo tiẹ̀ ń wọ̀nà fún un.
Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ṣé kí n wá dúró níwájú abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, kí n máa bá a jiyàn ni?

Àìkú, 22 Dìsẹ́ńbà
Ó ṣì ń tanná. Kò mọ nǹkan kan. Òórùn rẹ̀ ti ń bí mi nínú.

Ajé, 23 Dìsẹ́ńbà
Wọ́n wá. Olúwatósìn àti àwọn ọkùnrin àdúgbò, Àrẹ̀mú ló ṣáájú wọn. Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá sàn fún mi.
Àrẹ̀mú ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ò bá yín jà. Ọmọdé pọ̀ ládùúgbò. Ẹ jẹ́ ká gé igi yẹn."
Olúwatósìn ò gbójú sókè. Aṣọ ti tóbi jù ú lọ́rùn. Mo la ẹnu láti sọ pé Oyin ò wá lọ́jọ́ náà, mo wo ojú rẹ̀, mo pa á dé.
Mo ní kí wọ́n máa lọ. Èmi fúnra mi ni màá gé e.

Ìṣẹ́gun, 24 Dìsẹ́ńbà
Mo gé e. Mo hú gbòǹgbò rẹ̀. Mo dáná sun ún. Nínú iná náà, ó ṣì ń ta sánsán. Mo jókòó sínú èéfín. Ó wá dà bíi pé òní gan-an ni wọ́n ń sin Mùtàlíbù, tí wọ́n sì jẹ́ kí n wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26 Dìsẹ́ńbà
Najeem pè. Mo ní àlàáfíà ni.

Jímọ̀, 3 Jánúárì 2025
Ọmọpẹ́ ò kí mi. Bó bá rí mi níta, á wọlé.

Àìkú, 12 Jánúárì
Olúwatósìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lówùúrọ̀. Ọmọpẹ́ ò tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé tọ̀ mí wá, láìwọ bàtà.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé kò dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn."
Mo ní mo mọ̀.
Ó ní ọ̀dọ̀ mi lọmọ náà ń bọ̀. Òun ló pè é padà, pé kó kọ́kọ́ bá òun kó igi ìdáná. Inú òkìtì igi ni ejò náà wà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bèèrè pé níbo, ẹnu òun ò gbé e. Jásímìnì ló bọ́ sí òun lẹ́nu.
"Kí ló dé tí ẹ ò wí nǹkan kan?"
Mo ní, "Kí ni ǹ bá wí, Ọmọpẹ́?"
Kò sunkún. Ó ní bí Olúwatósìn bá gbọ́, kò ní lè wo ojú òun mọ́ láé. Ó ní òun ò tíì fojú ba oorun láti ọjọ́ náà. Mo tẹ́ ẹní fún un ní pálọ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi sùn, bí ẹni tí wọ́n pa.
Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì tú, Olúwatósìn wá a débí, Bíbélì ṣì wà lábíyá rẹ̀. Mo ní ó ń sùn, kó jẹ́ kó sùn. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó wo ilẹ̀ pípá tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.
"Ẹ ṣeun tí ẹ gé e, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ọlọ́run á san án fún yín."
Mo ní kò tọ́pẹ́.