Ta Ni Ìyàwó Nínú Ìwọ àti Ọmọ Íńdíà Yẹn?

Abúlé Olókùúta,
Oṣù Kẹta, 1992.

Tọ́ládé ọmọ mi, Àkànjí,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́ àfẹ̀mọ́júmọ́, mo kí ọ kú àjò tó ń pẹ́. Ọlọ́run tí a ń wọ aṣọ funfun sìn kò ní jẹ́ kí yìnyín yọ̀ ọ́ ṣubú, ọ̀rọ̀ rẹ kò sì ní di àríwísí lẹ́nu oyìnbó. Ara bàbá rẹ le, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyèbíyè àbúrò rẹ ń bá ẹ̀kọ́ olùkọ́ni rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú, mi ò sọ pé ẹnì kan ló pa á o, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó máa ń tẹjú mọ́ ọn jù.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ìwọ̀nba kíkọ tí wọ́n kọ́ àwa ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo lè sọ sétí akọ̀wé, ẹnu akọ̀wé kì í dúró lójú kan.

Ìwé tí o fi rán àǹtí yín Christiana sí Ìyèbíyè ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Nígbà tí Christiana wálé ọdún, ó kó ọṣẹ jáde nínú báàgì, ó kó súwẹ́tà jáde, ó wá mú ìwé ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ká jáde, ó ní ìwé ìmọ̀ nípa gbogbo nǹkan láyé ni, pé ọwọ́ àwọn ará Íńdíà lo ti rí i. Mo ní kí Ìyèbíyè máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ojú ìwé kìíní, ìbéèrè ni. Ìkejì, ìbéèrè ni. Mo ní kó ṣí àárín wò, ìbéèrè náà ni. Àkànjí, irú ìwé wo ni ìwé tí kò sọ nǹkan kan fún èèyàn, tó kàn ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá?

Bí wọ́n bá sì ti béèrè tán, wọ́n á kó ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀, mẹ́ta nínú rẹ̀ á jẹ́ irọ́. Ìyèbíyè ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé òótọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Mo ní ẹni tó mọ òótọ́, tó lọ tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn, tó wá fi irọ́ ṣe alábòójútó iwájú, ṣé ó yẹ kí ọmọ mi máa bá irú wọn da nǹkan pọ̀? Ìyèbíyè kàn ṣí ojú ìwé mìíràn.

Mo bá pe Christiana jókòó. Ó kọ́kọ́ ń fọwọ́ tún gèlè ṣe, kó tó jẹ́wọ́. Ó ní bí o bá ti parí iṣẹ́ ilé gbígbá láàárọ̀, o máa ń bá bàbá Íńdíà kan tajà nírọ̀lẹ́ nítòsí Woolwich Dockyard, àti pé bàbá náà ní ọmọbìnrin. Ó ní ọmọ náà ń múra láti padà sí Íńdíà lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń du ipò díẹ̀, o kàn ń ràn án lọ́wọ́ láti kàwé ni. Ṣùgbọ́n òun rí yín lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́bàá omi Birchmere Park, o ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sùtánà ṣì wà lọ́rùn rẹ. Ìwọ mú ìwé dání, o ń béèrè, ọmọ náà ń dáhùn. Nígbà tó yá, ọmọ náà gba ìwé, ó ń bi ọ́, o sì ń dáhùn láìtàsé. Mo ní ṣé ìjọba máa gba ìwọ náà síṣẹ́ ní Íńdíà ni? Christiana ní rárá. Mo ní ó dáa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Torí mo ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Wọ́n ń béèrè ibi tí odò wọn ti ṣàn wá. Wọ́n ń béèrè òkè tó ga jù, àti ọba tó kọ́kọ́ jẹ, àti ẹni tó jẹ tẹ̀ lé e. Ọ̀kín ni ẹyẹ wọn, ẹkùn ni ẹranko wọn, òṣíbàtà ni òdòdó wọn. Ìjọba wo ló fẹ́ gba akọ̀wé síṣẹ́ tí á máa bi í nípa òṣíbàtà? Àwọn ẹlòmíì lè pè é ní ìdánwò, èmi mọ̀ ọ́n. Oríkì ni.

Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé bàbá rẹ, ìyá bàbá rẹ mú mi jókòó ti ọlọ, ó ń kọ́ mi níbi tí wọ́n ti ṣí wá, odò tí wọ́n ń mu, ẹran tí wọn kì í jẹ, èmi náà ń lọ ata, mo ń wí i tẹ̀ lé e. Bí mo bá ṣì í, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ láàárọ̀ tí mo ki oríkì rẹ̀ délẹ̀ láìtàsé ni ìyá àgbà tó sọ pé mo ti di ìyàwó ilé. Ìyàwó ló ń kọ́ oríkì ilé ọkọ, Àkànjí. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì rí ọkọ tó ń kọ́ ti ilé ìyàwó. Ìdí nìyí tí mo fi ń bi ọ́, ta ni ìyàwó nínú ìwọ àti ọmọ Íńdíà yẹn?

Má wulẹ̀ retí pé bàbá rẹ á gbè mí. Ìwé náà ti kó sí i lórí. Ó ń tiro kiri abúlé, ó ń béèrè bí òkè àwọn ará Íńdíà ṣe ga tó lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ oko. Ó bú mi pé mo ti fura jù. Ṣùgbọ́n lánàá ló rọra bi Ìyèbíyè bóyá àwọn ará Íńdíà máa ń gba iṣu nídàána. Mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.

Ohun tó wá là mí lójú pátápátá ni ibi tí wọ́n ti dárúkọ Nàìjíríà. Wọ́n ní kí ni olú-ìlú wa. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti ń wádìí wa nìyẹn, bí a ṣe ń wádìí ìdílé kí a tó fọmọ fún wọn. Mo ní kí Ìyèbíyè wo ẹ̀yìn, ó ní Èkó ni wọ́n kọ. Bẹ́ẹ̀ rédíò ti sọ fún wa ní December pé ìjọba ti kó lọ sí Àbújá. Alárenà tí wọ́n rán sí wa kò délé kó tó lọ jábọ̀. Ìwé kan náà ló tún sọ pé àwọn ará Íńdíà ló ni máńgòrò. Mo jáde lọ wo máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, mi ò rí orúkọ ẹnì kankan lára rẹ̀.

Wòlíì wa ní òun rí ọ nínú ìran lẹ́bàá omi, ẹnì kan ń bi ọ́ ní ìbéèrè. Ìran náà ì bá bà mí lẹ́rù, àmọ́ mo ti rí Christiana tó bá a dúró sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Mi ò sọ pé ọmọ náà burú o. Christiana ní nígbà tó gbọ́ pé ìlú kan náà ni ìwọ àti òun ti wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan òun lẹ́sẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ wọn. Ìyẹn wọ̀ mí lára díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí o ti lọ. O ń gbé Yarnton Way nínú ilé tí wọ́n gbé ka orí òpó, tí ẹsẹ̀ rẹ kì í kan ilẹ̀ bí o bá jí, orí rẹ wá kún fún odò ẹlòmíì. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Mi ò mọ̀ bóyá àyè ṣì wà fún tiwa níbẹ̀.

Nítorí náà, èmi náà gbé ìdánwò tèmi kalẹ̀. Dáhùn rẹ̀ kí o tó ṣí ìwé àwọn èèyàn yẹn mọ́, má sì bi Christiana. Ta ló kọ́kọ́ dó sí Olókùúta? Ẹran wo ni a kì í jẹ nílé bàbá rẹ? Ibo ni a sin ìwọ́ rẹ sí lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ? Mi ò kó irọ́ mẹ́ta ti ìkankan. Bí o bá mọ̀ ọ́n, jókòó lẹ́bàá omi yẹn, kí o fi kọ́ ọmọ náà, kó máa wí i tẹ̀ lé ọ. Ọjọ́ tó bá ki oríkì wa délẹ̀, mú un wá, èmi á fọwọ́ mi lọ ata.

Ìjì ti ṣí páànù ilé ìdáná, jọ̀ọ́ fi nǹkan ránṣẹ́ kí òjò tó dé, kí ó sì kù díẹ̀ fún oògùn orúnkún bàbá rẹ. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ni kí o fi rán, má gba báńkì. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n ní ọwọ́ tí mo fi sáìnì kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Mo ní ọwọ́ mi ti dàgbà sí i, wọ́n ń wò mí bí olè.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń béèrè ọmọ gidi, wọ́n á nawọ́ sí ọ. Èmi náà á fojú mi rí ìpadàbọ̀ rẹ, ní orúkọ Jésù.

Èmi ni ìyá rẹ.

Mo ti kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn ìwé, bí tiwọn. Mi ò fẹ́ kí o kùnà.

(Ẹ̀yìn ìwé)

Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Àjàó.
Òkété.
Abẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ń so.