Ẹ̀yìn Káàdì Ìkórè

Fọlá Àgòrò, Ṣómólú,
Oṣù Kọkànlá, 2001.

Bọ̀dá mi Samson,

Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ṣì ń dùn wọ́n, oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sì ti tán.

Ẹ rántí kọ̀ǹpútà tí ẹ fún láíbìrì ilé ìwòsàn wa nígbà tí ìjọba alágbádá dé. Ẹ ní ayé káàdì tí a fi ń wá ìwé lórí pẹpẹ ti lọ. A kó orúkọ gbogbo ìwé ìṣègùn wa sínú rẹ̀, inú ọ̀gá wa dùn, ni wọ́n bá ta káàdì tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún tẹ̀ fáwọn atẹ̀wé Ṣómólú, torí ẹ̀yìn wọn ṣì mọ́. Ọdún kan pé, àṣẹ ètò inú kọ̀ǹpútà náà tán, ó tì pa, ó ní ká tún sanwó kó tó ṣí. Kò sẹ́ni tó san án.

Lóṣù tó kọjá, Dókítà Adéníjì ń wá ìwé kan lórí aboyún tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú pẹpẹ, n ò rí i. Nígbà tó yá, Dókítà ní, "Ẹ má wulẹ̀ wá a mọ́, mà. Ìyá lọ, ọmọ náà lọ."

Lánàá, ṣọ́ọ̀ṣì pín káàdì ìkórè. Mo yí tèmi padà, iṣẹ́ taipuráítà mi ni mo rí: orúkọ ìwé yẹn gan-an, àti nọ́ńbà pẹpẹ rẹ̀. Mo lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Ó wà níbẹ̀.

Bọ̀dá mi, oògùn Màmá nìkan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oore yín di ibi lọ́wọ́ wa mọ́.

Mo fi káàdì náà sínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.

Àbúrò yín,
Oyèbísí