Ìgbálẹ̀ Màmá ní Etí Òkun

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                  Bódìjà Tuntun,
                                                  Ìbàdàn.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Àmúdàtù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ wa Kàmọ́rù ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Lateefat ńkọ́, ṣé ó ti parí ìdánwò rẹ̀? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi pé mo dákẹ́ láti oṣù tó kọjá. Má bínú. Mi ò fẹ́ fi Wátsáàpù sọ ọ̀rọ̀ yìí ni, mo fẹ́ jókòó kí n kọ ọ́ kalẹ̀ dáadáa. Ara ti tù mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ kí ó tu ìwọ náà.

O mọ ọ̀rọ̀ èmi àti màmá tó bí Adéróunmú ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ ní ilé wọn ní Mọ́kọ́lá, tí wọ́n wà nílẹ̀ láti àárọ̀ títí ọmọ wọn fi débẹ̀ lọ́sàn-án, ni mo ti takú pé wọn ò ní dá gbé mọ́. Èmi ni mo lọ kó ẹrù wọn wá sí Bódìjà. Mo fún wọn ní yàrá tó dára jù nínú ilé, mo gba ẹni tó ń gbálẹ̀, mo gba ẹni tó ń fọṣọ, mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan. Lójú tèmi, ìtọ́jú nìyẹn. Àmọ́ màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ kọjá "o káàárọ̀". Nígbà tó di oṣù Kejìlá, wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé tí ọdún tuntun bá ti wọlé, Mọ́kọ́lá ni àwọn ń padà sí, kò sì sí ẹni tó lè dá àwọn dúró. Àmúdàtù, ẹ̀rù bà mí. Tí wọ́n bá tún ṣubú níbẹ̀, ta ni yóò gbé wọn?

Adéróunmú ló ní ká kọ́kọ́ mú màmá rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan, bóyá wọ́n á yí ọkàn padà. Ó ní erékùṣù Sao Tome ni ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ní Olúyọ̀lé máa ń lọ sinmi. Èmi ń retí òtẹ́ẹ̀lì gidi, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí wọ́n á máa gbé tíì wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí mọ́tò tó gbé wa láti pápákọ̀ òfurufú já wa sílẹ̀, ahéré mẹ́fà ni mo rí lórí iyanrìn, pákó ni wọ́n fi kọ́ wọn, imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi bo orí wọn. Kò sí fáànù, kò sí tẹlifíṣàn, garawa la fi ń wẹ̀, alángbá sì ń wò mí látòkè. Mo wo ọkọ mi, kò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Pọtogí ni obìnrin tó ni ibẹ̀ ń sọ, a ò gbọ́ ọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Jóṣúà, bàbá kan ọmọ Kétu tó ń se oúnjẹ fún wọn, òun ló ń bá wa túmọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, òkun náà wuni. Ẹja tí wọ́n bá mú láàárọ̀ la ń jẹ lọ́sàn-án, pẹ̀lú gbẹ̀rẹ̀fútù sísun.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ṣàà, ṣàà, níta. Mo yọjú, àṣé màmá ni. Wọ́n ti já imọ̀ àgbọn, wọ́n ti fá a, wọ́n ti dì í ní ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbá iwájú ahéré wa. Etí òkun o, iyanrìn lásán, wọ́n ń gbá a bí ẹni ń gbá àgbàlá. Jìnnìjìnnì bò mí. Ìyàwó wo ló ń sùn tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbálẹ̀? Tí ẹbí ọkọ mi bá gbọ́, kí ni wọ́n á pè mí? Mo sáré jáde tòun ti aṣọ oorun, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi. Wọn ò fún mi. Wọ́n gbá a tán, wọ́n wọlé.

Bó ṣe di ìdíje nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, èmi ni mo kọ́kọ́ jí. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ní lónìí ni màmá á mọ̀ pé wọ́n kọ́ mi nílé. Mo gbá a láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ìdí igi furúùtù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo ewé, gbogbo pàǹtírí tí òkun gbé wá, gbogbo igi ṣóńṣó tí mo bá nílẹ̀, mo fà wọ́n tu, mo kó wọn jọ, mo dáná sun wọ́n. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Inú mi dùn sí ara mi.

Ìgbà tí obìnrin tó ni òtẹ́ẹ̀lì jáde, ó kàn dúró. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Jóṣúà ló wá là wá lọ́yẹ̀. Ìjàpá òkun ti yé ẹyin sábẹ́ iyanrìn náà níbi mẹ́ta, àwọn igi tí mo sun ni wọ́n fi sàmì sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń retí àwọn ọmọ. Tó bá di ọ̀sán, àwọn apẹja á fa ọkọ̀ ojú omi wọn gòkè, bí wọn ò bá rí àmì, orí ẹyin ni wọ́n á fà á gbà. Obìnrin náà béèrè pé ta ló gbá ibẹ̀. Kí n tó lanu, màmá ti dáhùn.

"Èmi ni," ni wọ́n wí. "Ìyàwó mi ń sùn lọ́wọ́."

Màmá tí wọ́n jẹ́ diakóníìsì ní ìjọ Bapitíìsì, tí wọn kì í fi irọ́ ṣeré. Mi ò lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, mo jẹ́wọ́. Màmá ní irọ́ ni mo ń pa. Jóṣúà ń túmọ̀ lọ, ó ń túmọ̀ bọ̀, kò yé obìnrin yẹn bí èèyàn méjì ṣe lè máa du ẹ̀bi mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Màmá náà ló yọ wá. Àṣé wọ́n ti rí àwọn igi yẹn láti ọjọ́ kìíní, wọ́n ní igi kì í dédé dúró ní mẹ́ta mẹ́ta, pé ẹnìkan ló rì í mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń gbálẹ̀ yí i ká. Wọ́n lọ sí ìdí igi furúùtù, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ bọ̀, wọ́n tọ́ka sí ibi kìíní, ibi kejì, ibi kẹta. Adéróunmú ri igi tuntun mọ́lẹ̀, Jóṣúà sì lọ bẹ àwọn apẹja. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè búra pé ibẹ̀ náà ni. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Màmá gbé àpótí, wọ́n jókòó ti ibẹ̀ tàwọn ti agbòòrùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, iyanrìn ibi kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn ọmọ náà ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò ju páálí ìṣáná lọ. Kòtò tí ẹsẹ̀ àwa èèyàn dá sínú iyanrìn ń dí wọn lọ́nà, akàn sì ń sáré bọ̀. Màmá mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń lé akàn, wọ́n ń gbá ọ̀nà fún wọn títí dé etí omi, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ má sáré, òkun ò lọ síbì kankan." Èmi náà mú tèmi, mo ń gbá òdìkejì. Mo sunkún, Àmúdàtù, mi ò tijú.

Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ru ẹ̀bi mi. Wọ́n ní ṣé kí àwọn máa wò mí kí àlejò máa bú mi ni. Mo wá sọ tinú mi, mo ní ẹ̀rù ló ń bà mí láti ọjọ́ balùwẹ̀ yẹn. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Jọlá. Ṣùgbọ́n o gbé mi jókòó bí àlejò. O ò jẹ́ kí n ṣa ẹ̀fọ́ pàápàá. Mo rò pé o mú mi wá síbẹ̀ kí n máa retí ikú ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí mi ò ro ibi sí wọn rí. Mo tọrọ àforíjì, wọ́n sì fọwọ́ pa mí lórí.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí a ti dé. Mo ti sọ fún ẹni tó ń gbálẹ̀ pé kó fi ìta sílẹ̀ fún màmá. Wọ́n ti gbin ewédú àti ata sẹ́yìn ilé, wọ́n sì ń bá mi jà pé mo ń fi omi ṣòfò. Ìjà yẹn dùn mọ́ mi.

Bá mi kí ọkọ wa Kàmọ́rù àti àwọn ọmọ, sọ fún Lateefat pé mo ń gbàdúrà fún un. Adéróunmú ń kí yín. Màmá náà ń kí ọ, wọ́n dúró tì mí báyìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ kó hàn ketekete pé bí o bá wá sí Ìbàdàn, kí o má wá àwọn lọ sí Mọ́kọ́lá mọ́, àwọn ti ní kí ọmọ àwọn wá ayálégbé síbẹ̀. Wọ́n ní Bódìjà ni ilé àwọn.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
                                                  Jọlá.