Àga Tí Mo Fi Gba Òmìnira

                                        Ilé Iṣẹ́ Káfíńtà "Ọwọ́ Mi Ni",
                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ìdojúkọ Ilé Ìwé Girama,
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà á láàmú ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ tuntun tí wọ́n ní iwájú orí rẹ̀ jọ tìrẹ? Kí Ọlọ́run dá a sí, kó má ṣáà jọ ọ́ ní ìlọ́ra. Ojú rẹ ńkọ́, ṣé o ṣì ń rí ìlà tí o fi pẹ́ńsù fà sára pákó? Tèmi ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Ní ọjọ́ orí mi yìí, mo ṣì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n sọ pákó tó wọ́ láàárín ogún. Gbogbo ilé wa ló wà ní àlàáfíà. Èmi nìkan ni ara mi kò lélẹ̀, kì í sì í ṣe àìsàn.

Ìwé kẹta ni mo kà dé, ìwọ náà mọ̀. Síbẹ̀ èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó yẹ kí etí kẹta gbọ́. Àmọ́ ọmọ ilé ìwé márùndínlógójì ti gbọ́ ọ ná. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ ohun tí mo dà ní àdúgbò yìí. Káfíńtà mẹ́rin ni wá. Bí o bá bèèrè ẹni tó mọ iṣẹ́ jù, èmi ni wọn yóò júwe fún ọ, àwọn mẹ́ta yòókù gan-an kò sì ní júwe ibòmíràn. Gbogbo tábìlì tó wà nínú ilé ìwé girama iwájú mi yìí, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ó lé ní ọọ́dúnrún. Mo ti fi pákó àti ayùn rán ọmọ márùn-ún ní ilé ìwé gíga. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin mi tí a ń pè ní Tíṣà. Láti kékeré ló ti gba orúkọ yẹn, nígbà tó máa ń to àwọn àga mi jọ, tí yóò sì máa na wọ́n ní pàṣán pé wọn kò dáhùn ìbéèrè. Ó ti wá di tíṣà lóòótọ́. Ilé ìwé iwájú wa náà ló wà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní sosiọ́lọ́jì ló ń kọ́ wọn. Mo bi í nígbà kan pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ó ní bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ ni, àti ohun tó ń sọ ẹnì kan di ẹni ńlá tó sì ń fi ẹlòmíràn sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Mo ní ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ ìwé ni? Ṣe bí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló ń dìde, ẹni tó bá sùn ló ń wà nílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù tó kọjá, ó wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ̀rọ̀. Ẹ sọ bí ẹ ṣe dé ibi tí ẹ dé fún wọn." Inú mi dùn débi pé mo dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, mo lọ. Àwọn ọmọ náà dìde kí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ yìí ni bàbá mi, òun ni ìyá mi. Ẹnikẹ́ni kò fà mí, ẹnikẹ́ni kò tì mí." Mo sọ ìtàn àga tí mo fi gba òmìnira fún wọn, bí ọ̀gá tó kọ́ èmi àti ìwọ níṣẹ́ ṣe jókòó lé e, tó fi gbogbo ìdí rẹ̀ tó tóbi yẹn jó lórí rẹ̀, tí kò dún kín-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọbìnrin kan ní iwájú wá nawọ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹnì kankan kò ràn yín lọ́wọ́ rárá?" Mo ní, "Rárá o. Ọlọ́run nìkan." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ ló pọ̀ lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀, mo ti rí i pé ìṣó tábìlì kan ní ìlà kẹta ti ń yọ. Ìwọ mọ̀ mí, n kò lè rí irú ẹ̀ kí n fọwọ́ lẹ́rán. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́wàá, mo mú òòlù, mo kọjá sọ́hùn-ún nígbà tí àwọn ọmọ wà ní pápá. Kò sí ẹnikẹ́ni ní kíláàsì. Mo kan ìṣó náà tán, mo gbójú sókè, mo rí kádíbọ́ọ̀dù ńlá kan lára ògiri. Wọ́n kọ KÁFÍŃTÀ sí àárín rẹ̀ gbàgede, wọ́n wá fa ìlà láti ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé. Ìlà kan lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó fi sáńpépà ha tábìlì títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìyẹn kò burú, mo gbà. Ìkejì lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tó fà á lé ilé ìwé lọ́wọ́. Ìkẹta, bíírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: Ọ̀RẸ́ RẸ̀, TÓ FÚN UN NÍ ÀGA. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ọ̀rẹ́ náà fi ọdún kan dúró lẹ́yìn.

Jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á. Mo kọ́kọ́ rò pé àìmọ̀wé mi ló ń ṣe mí.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, kí o lè mọ̀ pé n kò gbàgbé. Òfin ọ̀gá wa ni pé kí ọmọṣẹ́ tó gba òmìnira, yóò dá àga kan kàn fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ na ìṣó kan sí i. Ìwọ fi pákó tìrẹ sílẹ̀ títí ó fi gbẹ. O ní kí n fi tèmi sílẹ̀. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, ìgbà tí ìwọ bá fi máa ṣe tán, èmi á ti ní ìsọ̀ tèmi." Mo fi pákó tútù kàn án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá fẹ́ wò ó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ là gbarara láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo jókòó sínú lẹ́búlẹ́bú pákó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. O fi ẹsẹ̀ ti àga tìrẹ sọ́dọ̀ mi, o sì fi àpò bo tèmi. Nígbà tí ọ̀gá béèrè tìrẹ, o ní, "Tèmi ò tíì parí, sà." Ó ní ọ̀lẹ ni ọ́, ó fi ọdún kan kún un fún ọ. Inú ọdún yẹn gan-an ni ilé ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá fún tábìlì, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ló sì fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbéra, tí o kò sì bá mi mọ́.

Ẹni méjì péré ló mọ ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ ọ̀run. Èmi kò sọ. Ta ló wá kù?

Mo pe Tíṣà sí pálọ̀. Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

"Mi ò bèèrè ìyẹn. Ta ló sọ?"

Ó ní ìwọ ni. Ó ní nígbà tí òun wá ṣe ìpàdé àwọn olùkọ́ ní ìlú yín lọ́dún tó kọjá, òun yà kí ọ, o sì bi òun pé apá òsì àga òmìnira tó wà ní pálọ̀ wa ńkọ́, nítorí ó yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí ò ń kàn án.

Mo ní, "O wá lọ tú mi síta níwájú ọmọ ọlọ́mọ."

"Mi ò dárúkọ yín, Bàbá."

"Káfíńtà mélòó ló wá bá wọn sọ̀rọ̀?"

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó gún mi ní ọ̀bẹ. Ó ní òun ló ní kí ọmọbìnrin yẹn bi mí ní ìbéèrè, pé òun fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ọmọ tí mo bí, Jẹ́jẹ́! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ní lẹ́yìn tí mo lọ, ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè yẹn sọ pé òun ti wá mọ̀ pé ọ̀lẹ ni bàbá òun. Bàbá rẹ̀ ń ru pákó. Tíṣà ní, "Ó ń jí ṣíwájú yín lójoojúmọ́, Bàbá. Pákó tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Kí ni kí n wí fún ọmọ rẹ̀?" Mo mọ ọkùnrin náà. Mo mọ ọrùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tìrẹ ló dùn mí jù. Ogójì ọdún! Bí nǹkan bá wà níkùn rẹ, kí ló dé tí o kò sọ ọ́ sí mi lójú? Mo ti to èébú sílẹ̀ fún ọ, wọ́n pọ̀, wọ́n dára. Àfìgbà tí Tíṣà sọ ìyókù. Ó ní o kò bínú, o kò bú mi, ẹ̀rín lo rín. Nígbà tí ó sì ní òun kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó ní ohun tí o sọ kí o tó rò ó fún òun ni pé, "Ṣé bàbá yín ò sọ fún yín ni?"

Gbogbo èébú tí mo tò ló wó. Láti ogójì ọdún, o rò pé mò ń dárúkọ rẹ nínú ilé mi.

N kò tíì dárí jì ọ́ o. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé ọ. Ò bá kọ́kọ́ bi mí kó o tó bi ọmọ mi. Inú ń bí mi sí ẹ̀yin méjèèjì, mo sì jẹun lọ́tọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò lè jókòó lórí àga yẹn mọ́. Àlejò wá, mo ní kí wọ́n jókòó síbòmíràn. Tíṣà ní àwọn ọmọ ń retí mi lẹ́ẹ̀kejì ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Mo ní n kò lọ. N kò lè dá dúró níwájú wọn mọ́.

Nítorí náà, wá gbé àga rẹ. Má rán ẹnikẹ́ni, ìwọ gan-an ni kó o wá, kó o sì wá ní Ọjọ́bọ̀. Igi gidi lo fi kàn án, o mọ bó ṣe wúwo, ẹnì kan kò lè dá a gbé. Èmi yóò di apá kan mú, ìwọ yóò di èkejì mú. Bí a bá sì ti gbé e jáde lẹ́nu ọ̀nà mi, kíláàsì Tíṣà ni a ó kọ́kọ́ bá pàdé.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó má fi orúnkún yẹn gun àtẹ̀gùn. Kí àwọn ọmọ, kí o sì gbé ọmọ tuntun náà sókè fún mi. Ìyàwó mi ń kí gbogbo yín. Tíṣà náà ní kí n kí ọ. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ó dúró tì mí.

Apá òsì tí o bèèrè, mo fi gbogbo agbára mi mì í lánàá. Kò dún kín-ín.

Èmi ṣì ni tìrẹ, tìbínú-tìbínú,

Káfíńtà Ọwọ́-Mi-Ni.