Ọjọ́ Tí Kifayah Ṣe Ìdánwò

Bọ̀dá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ìyá wa ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ikú ọmọ wọn. Òjò ti rọ̀, a ti gbin àgbàdo oko Mọ́níyà.

Ohun kan wà nípa ikú Àǹtí Sìdíkátù tí mi ò lè sọ lórí fóònù. Àárọ̀ ọjọ́ tí Kifayah ọmọ wọn ń ṣe JAMB ni wọ́n kú. Ọmọ náà ti lọ sùn sí Ajíbọ́dè, nítòsí ibi ìdánwò, kó má baà pẹ́. Ẹ mọ̀ pé torí àìsàn ìyá rẹ̀ ló ṣe fẹ́ di dókítà. Bàbá rẹ̀ ní ká pè é. Èmi ni mo ní ká jẹ́ kó parí ìdánwò ná. Aago mẹ́wàá la sin wọ́n.

Ní aago méjì, ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Àǹtí, mo ṣe é dáadáa. Màámi dà?"

Èsì ti jáde, ó gba ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Inú ẹnikẹ́ni ò dùn sí i. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, kì í sọ nǹkan mìíràn. Àná nìkan ló sọ̀rọ̀: "Ẹ ò bá ti jẹ́ kí n rí ojú wọn, Àǹtí. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́ o, ẹ kàn bi í bóyá ó ti jẹun.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ yín níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Mùjíbátù