Igba Ìṣísẹ̀ Ó Lé Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Mo-Mọ̀-Ọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni o, ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ikùn mi. Kò sóhun téèyàn máa sọ tí kò ní ní òun ti mọ̀ ọ́n. Kò jókòó. Ó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ní òun ti rí àwọn tó máa ra oko tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa, àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn ọmọ wa máa jogún? Ó ní ṣé ọkọ́ ni kí wọ́n jogún?

Mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka.

Ọjọ́rú, 5

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rán apá aṣọ oníbàárà lódì.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ó tún pè. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, òun á ta apá tòun, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ odò. Ẹ̀gbẹ́ odò! Kí ni mo fẹ́ fi èyí tó kù ṣe? Ó ní kí n wá fi ààlà han awọnlẹ̀. Mo ní rárá, ẹni tó fẹ́ tà á ni kó fi hàn wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín — ta ni ò mọ oko bàbá ẹ̀?

Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí kò tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ẹ gbà mí o. Kí n kọ ọ́ dáadáa.

Igi mẹ́rin ni Bàbá gbìn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko: ọsàn, máńgòrò, gúrófà, kajú. Lọ́dọọdún á mú àwa méjèèjì yí i ká, ká máa ka ìṣísẹ̀ òun sókè. Láti ìdí gúrófà dé ìdí kajú, igba ó lé mẹ́ta. Bá a bá ṣì í kà, kò sí èso.

Aago mọ́kànlá, fóònù dún. Mo-Mọ̀-Ọ́n. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ — jọ̀ọ́, máa bọ̀.

Inú oko màmá tó bá wa pààlà ni mo ti bá wọn! Màmá ti gba okùn ìwọ̀n, ó ti wé e mọ́ ìdí bí ọ̀já, ó jókòó lé èèkàn wọn. Mo-Mọ̀-Ọ́n rí igi kajú, ó ní ibẹ̀ nìyẹn. Kajú màmá ni! Ìjì ti wó tiwa lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kun igi onígi mẹ́fà.

Màmá bi Mo-Mọ̀-Ọ́n pé ọmọ ta ni ẹ́? Ó dárúkọ Bàbá. Màmá ní irọ́ ni, ọmọ ọkùnrin yẹn ò lè sọnù nínú oko bàbá ẹ̀.

Ọ̀gá àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ti wọ ọkọ̀. Ó ní àwọn kì í ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ ilẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ màmá. Mi ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo sùn. Mo tún hanrun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán. Ẹlòmíì lè wá rà á. Èmi náà sì jẹ̀bi — kajú wó, mi ò sọ fún un. Mo ti sọ oko yẹn di tèmi nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ó wá. Ó jókòó lónìí. Ó ní ọ̀rọ̀ màmá yẹn kò jẹ́ kí òun gbádùn. Mo bẹ̀ ẹ́ nípa kajú, ó ní kò burú. Ó ní kí n má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo-Mọ̀-Ọ́n, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ẹlẹ́nu-Bí-Aago, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti awọnlẹ̀ ọjọ́sí ni wọ́n wá bá mi lóko. Mo-Mọ̀-Ọ́n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá. Lẹ́yìn náà ló sọ fún awọnlẹ̀ pé orúkọ àwọn ọmọ ni kó kọ sórí ìwé, tòun méjì, tèmi ọ̀kan, kí ẹnì kankan má lè dá a tà. Mo wo ẹnu rẹ̀ bóyá òun ló ń sọ̀rọ̀. Mo di igi gúrófà mú.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí igun kajú. Ẹsẹ̀ Bàbá ló ní, gígùn. Ọmọ ń kà á lẹ́yìn rẹ̀. Koríko ti bo kùkùté kajú, kò sẹ́ni tó lè rí i. Mi ò sì sọ iye ìṣísẹ̀ fún un.

Ọmọ pariwo — igba! Ó pé!



Mo-Mọ̀-Ọ́n ní kò tíì pé, ó ku mẹ́ta. Ó gbé ọ̀kan. Ó gbé èjì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ kùkùté.